Ẹlẹ́wọ̀n ló yan ọba: bí mo ṣe tún ìparí Game of Thrones kọ ní Kétu, àti ibi tí mo gbé e sí

Àga ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹ̀písóòdù tó kẹ́yìn Game of Thrones, fíìmù tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà nípa àwọn tó ń du oyè ọba, ìlú ti jó tán. Dírágónì ti fi iná pa àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, àwọn tó yè kò rí ibi forí lé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Tyrion, ọkùnrin kúkúrú ẹlẹ́nu dídùn yẹn, dá wà nínú yàrá ìgbìmọ̀, ó ń to àga. Ó fa èyí síwájú díẹ̀, ó tì í padà, ó wò ó, ó tún un tò. Àwọn ìgbìmọ̀ wọlé, wọ́n fa àga gbogbo kúrò bó ṣe tò wọ́n, wọ́n jókòó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn bóyá ọkọ̀ ojú omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ náwó lé lórí ni àbí ilé aṣẹ́wó. Mo fi eyín di abẹ́rẹ́ mú lọ́wọ́ tí mo ń wò ó. Mo ní láti kọ́kọ́ yọ abẹ́rẹ́ náà lẹ́nu kí n tó lè sọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, kò jìnnà sí ọjà. Mo ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mẹ́rin àti maṣíìnì márùn-ún. Ọ̀kan nínú maṣíìnì náà ti kú, aṣọ là ń kó lé e lórí. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Kútọnu ló gbé fíìmù náà wá fún mi, odindi rẹ̀, ní èdè Faransé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra máa wò ó, kò ní tán bọ̀rọ̀.” Sáà mẹ́jọ ni, ẹ̀písóòdù 73. Nígbà tí wọ́n fi èyí tó kẹ́yìn hàn ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, tí gbogbo ayé ń pariwo, èmi ò tíì mọ ẹni tó ń jẹ́ Jon Snow. Ìgbà tí ọwọ́ mi wá tẹ̀ ẹ́, ọ̀kan lálẹ́ là ń wò lẹ́yìn iṣẹ́, àfi tí iná bá lọ. Nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí à ń rán aṣọ mọ́jú, a wo mẹ́ta-mẹ́ta. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi wá ń fi orúkọ inú fíìmù pe oníbàárà. Obìnrin kan wà tó máa ń já owó ìránṣọ wa sí méjì, Cersei ni wọ́n ń pè é, orúkọ obìnrin òǹrorò inú fíìmù náà. Kò mọ̀ títí di òní.

Ẹ rí i pé kì í ṣe pé mo kórìíra fíìmù náà. Mo ti gbọ́ ẹ̀sùn tí àwọn mìíràn fi kàn án. Àwọn kan ní kò yẹ kí Daenerys, ayaba tó ni dírágónì, ya wèrè lójijì bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní wọ́n sáré jù: sáà mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ẹ̀písóòdù mẹ́wàá-mẹ́wàá, ìkeje ní 7, ìkẹjọ ní 6 péré. Òótọ́ ni. Ó dà bí aṣọ tí oníbàárà ń bọ̀ wá gbà lọ́la, tí èèyàn kò fi etí rẹ̀ pamọ́, tí kò lọ̀ ọ́, tó kàn gán an pọ̀. Ti ife kọfí tí wọ́n gbàgbé sórí tábìlì níwájú ayaba ní ẹ̀písóòdù kẹrin, ẹ̀rín nìyẹn pa mí. Kò sí èyí tó dùn mí nínú gbogbo rẹ̀ tó ọ̀rọ̀ ọba.

Ẹ gbọ́ bó ṣe lọ. Jon Snow ti fi ọ̀bẹ pa Daenerys. Àwọn olórí ìlú péjọ síbi tí wọ́n ti ń so dírágónì mọ́lẹ̀ láyé àtijọ́. Wọ́n mú Tyrion wá, ẹlẹ́wọ̀n, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kì í ṣe torí ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n ṣe mú un wá. Ó sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n yan ọba. Edmure dìde pé òun náà ti jagun rí, Sansa tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó jọ̀ọ́ kó jókòó. Sam ní ṣé a ò lè bi gbogbo ará ìlú ni, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Tyrion wá ní ìtàn ló ń so ènìyàn pọ̀, ta sì ló ní ìtàn tó dára ju ti Bran, àbúrò Sansa tó yarọ, lọ? Ẹnìkan ní òun gbà, ẹnìkejì ní òun gbà, ó parí. Sansa nìkan ló ní ìlú tòun kò ní sí lábẹ́ ọba kankan mọ́, wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ fún un. Àwọn yòókù jókòó síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní “àwa náà ńkọ́?” Nígbà tí wọ́n bi Bran bóyá ó fẹ́ oyè náà, ó ní kí ni wọ́n rò pé ó gbé òun rin gbogbo ọ̀nà yẹn wá.

Ní Kétu níbí, ìdílé márùn-ún ló ń jẹ oyè Alákétu, ó ń yí láàárín wọn. Tí ọba bá wàjà, ọmọ kékeré pàápàá lè sọ ìdílé tó kàn. Síbẹ̀, ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ti dàgbà díẹ̀ nílùú yìí bóyá wẹ́rẹ́ ló máa ń lọ. Ọmọ oyè kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn afọbajẹ ní tiwọn, Ifá ní tirẹ̀, àwọn obìnrin ilé sì ní ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ìyá olúkúlùkù. Ká wá fi ọba jẹ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá torí pé ẹlẹ́wọ̀n kan mọ ọ̀rọ̀ sọ? Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi tó kéré jù lọ, ọmọ Ìlárá, ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó ní, “Màmá, afọbajẹ dà?”

Ohun kejì ni iná. Àwa tí a ń gba ẹ̀bá Àkábà Ìdènà, ẹnubodè ìlú láyé àtijọ́, kọjá lọ sọ́jà mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìlú tó jó. Lọ́dún 1886 ni ogun Dáhómì fọ́ Kétu, wọ́n sun ún, wọ́n kó àwọn tí wọn kò pa lẹ́rú lọ. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dáhómì ni àwọn tó yè tó padà wá tún ìlú tẹ̀. Ìyá mi kò bá a, ìyá rẹ̀ náà kò bá a. Ẹnu àwọn tó bá a ni wọ́n ti gbọ́. Síbẹ̀, tí ìyá mi bá ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ á yí, á sì wolẹ̀. Nínú fíìmù yìí, eérú kò tíì tutù tí àwọn ìgbìmọ̀ ti ń fi ilé aṣẹ́wó ṣe àwàdà. Mo tún ẹ̀písóòdù náà wò lẹ́ẹ̀mejì torí kí n lè mọ̀ bóyá èmi ni n ò gbọ́ dáadáa: n ò gbọ́ ohùn ẹnì kan tí ilé rẹ̀ jó. Wọ́n rìn kọjá nínú eérú níbẹ̀rẹ̀, ó tán.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ mọ́ wọn: ibi tí Drogon, dírágónì náà, ti fi imú ti òkú Daenerys tó jẹ́ bí ìyá fún un bóyá yóò jí, tí kò jí, tó wá fi ìbínú yọ́ àga irin tí gbogbo wọn torí ẹ̀ pa ara wọn, a ò lè sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Maṣíìnì gbogbo dákẹ́. Tí mo bá máa fún ẹ̀písóòdù náà ní máàkì bí wọ́n ṣe ń fún wa níléèwé, 7 nínú 20 ni, márùn-ún nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹranko yẹn.

Ó lé ní mílíọ̀nù 1.8 ènìyàn tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí HBO, ilé iṣẹ́ tó ni fíìmù náà, tún sáà kẹjọ ṣe. HBO kò tún nǹkan kan ṣe. Èmi ò fọwọ́ sí i. Oníbàárà tí aṣọ tí mo rán bá bí nínú, ọ̀nà méjì ló ní: ó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà mi kó máa pariwo, ó sì lè gbé e lọ sílé lọ tú u kó tún un rán. Àwọn tó ń gbé e lọ sílé ni mo máa ń bẹ̀rù.

Àbúrò mi yìí náà ló sọ fún mi pé ibì kan wà tí àwọn tó ń gbé aṣọ lọ sílé ń pàdé, pé fanfiction ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà: òǹwòran á mú àwọn ènìyàn inú fíìmù tàbí inú ìwé, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn mìíràn fún wọn. Archive of Our Own ni orúkọ ibẹ̀, AO3 ni wọ́n gé e kúrú sí. Òun ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ èyí, torí mo ti lò ó fún oṣù mẹ́jọ báyìí, mo sì rí i pé àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ka ìtàn lórí fóònù kò fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni. Kò sí ìpolówó kankan níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò já lu kíkà yín pé kí ẹ wá ra ọṣẹ. Ẹgbẹ́ kan tí kì í ṣe ti èrè, Organization for Transformative Works, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2007, ló ni ín. Ọdún 2009 ni wọ́n ṣí AO3 fún gbogbo ènìyàn. Ẹ̀bùn owó láti ọwọ́ àwọn òǹkàwé ni wọ́n fi ń gbé e dúró, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í gba owó oṣù. Ní 2019 yẹn gan-an, ọdún tí fíìmù wa parí bó ṣe parí, AO3 gba àmì ẹ̀yẹ Hugo, èyí tí wọ́n ń fún àwọn oníṣẹ́ ìtàn àròsọ ti sáyẹ́ǹsì àti ti idán. Ìtàn tó wà níbẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 10.

Ohun tó mú mi lọ́kàn jù ni bí wọ́n ṣe ń fi àmì sára ìtàn. Ẹni tó bá kọ ọ́ á so ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn: inú fíìmù wo ló ti wá, ta ló wà nínú rẹ̀, ṣé ẹnì kan pàtàkì kú, ṣé ìjà tó le wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mélòó ló lè kà á. Àmì kan wà tó ń jẹ́ “Fix-It”, ti ìtàn tí a kọ láti tún nǹkan tó bàjẹ́ ṣe. Mo tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ Game of Thrones, mo yan Faransé, mo ṣubú sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Aṣọ ìgbéyàwó kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ nítorí rẹ̀. Ẹ lè gbé odindi ìtàn sọ̀kalẹ̀ sórí fóònù, bíi fáìlì EPUB tàbí PDF, kí ẹ máa kà á láìsí mégà íntánẹ́ẹ̀tì. Mo máa ń kó wọn jọ lóru, tí iná bá lọ lọ́sàn-án tí maṣíìnì dákẹ́, mo ti ní nǹkan kíkà.

Ẹ má ṣe gbé e fún ọmọdé. Ìtàn àgbàlagbà kún ibẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ṣe é kà níwájú àna. Wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí i, ẹ sì lè ní kí wọ́n yọ irú ẹ̀ kúrò nínú ohun tí ẹ ń wá, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ohun tó ń tẹ̀ ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo ojú ewé náà fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn wà níbẹ̀ ní èdè rẹpẹtẹ. Àwa tí Faransé la fi kàwé, ó gba sùúrù. Àbúrò mi ló jókòó tì mí nígbà tí mo ń forúkọ sílẹ̀. Wọn kì í kàn gba èèyàn wọlé lójú ẹsẹ̀: ẹ ó fi àdírẹ́sì í-méèlì yín sínú orúkọ àwọn tó ń dúró, ẹ ó dúró kí ìwé ìpè dé. Tèmi gba ọjọ́ mélòó kan. Láti ka èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn ibẹ̀, ẹ ò nílò rẹ̀.

Kíkọ ló wá kù. Mo ra kàyé, ìwé ìkọ̀wé olójú-ewé 100, mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní màá tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Daenerys kò kú, Jon fẹ́ ẹ, Jaime, olólùfẹ́ Cersei, kò padà sọ́dọ̀ rẹ̀, kò sí ilé tó jó. Nígbà tí mo dé ojú ewé 20, gbogbo wọn wà láàyè, inú gbogbo wọn dùn, ó dà bí ọjọ́ ìkómọ. Mo kà á sókè fún àwọn ọmọ mi, ọ̀kan sùn. Ọ̀kan ní, “Màmá, ta ló wá ń bá ta ni jà?” Mo pa kàyé dé.

Alẹ́ ọjọ́ kan ni obìnrin kan gbé bùbá padà wá fún mi pé ọrùn rẹ̀ ń fún òun. Mo gbé e lé orí tábìlì, mo mú abẹ, mo tú ọrùn rẹ̀, mo fi ìka ọwọ́ wọ̀n ọ́n, mo gé díẹ̀, mo tún un lẹ̀. N ò fọwọ́ kan apá, n ò fọwọ́ kan abíyá. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Mo ti tú odindi aṣọ nítorí ọrùn. Ibo ni ọrùn fíìmù yẹn ti fún? Ìpàdé ọba yẹn ni. Mo fi Daenerys sílẹ̀ nínú ikú rẹ̀. Mo fi ìlú sílẹ̀ nínú eérú. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń ti Tyrion wọlé.

Nínú tèmi, kí ó tó la ẹnu, obìnrin kan tó ń gbé búrẹ́dì wá fún àwọn ọmọ ogun bá wọn lórí ìjókòó. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó ní ta ni nínú wọn ló sùn sí ìgboro lánàá. Wọ́n dákẹ́. Ó ní ó dára, kí wọ́n wá sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ méje, lẹ́yìn náà kí wọ́n wá yan ẹni tó wù wọ́n. Ojú tì wọ́n, wọ́n lọ. Wọ́n wú ilẹ̀, wọ́n ń wá òkú. Kò sẹ́ni tó mọ ta ló wà lábẹ́ òkúta wo, àfi Bran, tó ń rí ohun gbogbo tó ti ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́n ń tì í lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti òpópó dé òpópó, ó ń pe orúkọ: ọmọ alágbẹ̀dẹ nìyí, ìyá rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, ẹ rọra. Ọjọ́ méje ló fi pe orúkọ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ní ọjọ́ kẹjọ, olórí kankan kò tíì sọ̀rọ̀ tí àwọn ará ìlú ti ń pè é ní ọba.

Bẹ́ẹ̀ ni, Bran náà ló jọba. Mi ò yí i padà. Ó ya èmi náà lẹ́nu. Mo ti rò pé ẹni tí wọ́n yàn ni mo ń bínú sí.

Faransé ni mo fi kọ ọ́, torí òun ni wọ́n fi na ọwọ́ wa níléèwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ni obìnrin oníbúrẹ́dì yẹn ń sọ létí mi látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo gbé kàyé lọ sí ilé kọ̀ǹpútà kan láti tẹ̀ ẹ́, 100 fráǹkì lójú ewé kan. Mi ò ní dárúkọ wọn. Kọ̀ǹpútà wọn ń fi ọgbọ́n ara rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ ṣe, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ kò sì wo ojú ewé. Gbogbo “Drogon” di “dragon”. Gbogbo “Sansa” di “sans”, èyí tí í ṣe “láìsí” ní Faransé. Ẹ wá fojú inú wo ìtàn tí Láìsí ti dìde, tí Láìsí ń bínú, tí wọ́n sì fi Láìsí jẹ ayaba. Mo gba owó mi? Rárá, 3,400 fráǹkì lọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lórí fóònù, ní ojoojúmọ́ láàárín aago kan sí méjì tí àwọn ọmọ ń jẹun.

Mo gbé e sórí AO3 ní orí mẹ́ta. Ohun kan tó yẹ kí ẹ mọ̀: ẹ ò lè béèrè owó níbẹ̀, ẹ ò sì lè polówó ọjà. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi àgbà béèrè pé èló ni wọ́n san fún mi. Mo ní òfo. Ó wò mí bí ẹni pé mo rán aṣọ agbádá lọ́fẹ̀ẹ́. Èrè tó wà níbẹ̀ ni àwọn òǹkàwé: ẹni tó bá gbádùn rẹ̀ á tẹ àmì kan tí wọ́n ń pè ní kudos, ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ á kọ ọ́ sísàlẹ̀. Títí di àárọ̀ yìí, ẹni 58 ló ti ṣí tèmi, mo ní kudos méje, ọ̀rọ̀ méjì. Ẹnì kan kọ pé òun sunkún níbi ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ẹnìkejì kọ ọ̀rọ̀ gígùn pé mi ò mọ ohun tí mo ń sọ, pé ìparí ti fíìmù ló tọ̀nà, pé ìṣèlú ni, kì í ṣe ìsìnkú. Mo dá a lóhùn pé ní ìlú tèmi, ẹni tí kò bá sin òkú kò tíì lè jọba. Kò tíì fèsì.

Mo fún AO3 ní 17 nínú 20. Mẹ́ta tí mo yọ, ti Gẹ̀ẹ́sì ni àti ti ojú ewé tí ọ̀rọ̀ kún fọ́fọ́ tí ẹni tí ojú ń dùn yóò ṣòro fún.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo ka ìtàn náà fún ìyá mi, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí mo ti ń lọ. Wọn ò mọ Bran, wọn ò mọ Tyrion, wọn ò wo fíìmù náà rí. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ń já ewébẹ̀ lọ ní tiwọn. Wọ́n ní, “Ó dáa. Ògiri ńkọ́?” Mo ní ògiri wo? Wọ́n ní, “Ògiri ìlú. Ẹ sin òkú, ẹ fi ọba jẹ. Ta ló wá mọ ògiri padà? Ibo ni wọ́n ti rí omi pò ó?”

N ò ní ìdáhùn. Lọ́jọ́ kejì, bíríkìlà tó ń tún ọgbà ilé kejì mọ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo pè é. Mo bi í pé tí odi ìlú kan bá jó tó sì wó, ènìyàn mélòó, ọjọ́ mélòó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó kù sọ́wọ́ bóyá amọ̀ ni àbí òkúta, àti bóyá ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣì dára. Mo ní kó fara balẹ̀ jókòó ná, mo lọ gbé kàyé.